Bí Iyanṣẹ́lódì Bá Bẹ́ Sílẹ̀ Níbi Tí A Ń Gbé: Ohun Tó Yẹ Kí Àwa Ọmọ Yorùbá Lẹ́yìn Odi Mọ̀

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan kéde iyanṣẹ́lódì, màmá kan tó jẹ́ tíṣà pe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lórí fóònù ní agogo márùn-ún ìdájí. Ìpínlẹ̀ tí màmá yìí ń gbé kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi akọ̀wé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni, àbí kí n jókòó sílé?" Bó bá lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá a padà ní géètì, kí wọ́n sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Bó bá jókòó sílé, ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ọ̀gá á ní ṣebí àlejò ni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á sì kọ́kọ́ kọ bí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù.

Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó oṣù tuntun ti dé. Àwọn kan nínú wa jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn kan ní ọmọ nílé ìwé ìjọba, àwọn míì sì ń tajà láwìn fún òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká jókòó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ta ló ń bá ta jà, kí ni òfin sọ, ibo ló sì ti kàn wá gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni iyanṣẹ́lódì ti wọ ilé àwọn èèyàn wa. Iṣẹ́ rélùwéè wà lára ohun tó gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa dé Minna, Zaria, Kaduna, Kano, Kafanchan àti Jos. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, ogun àgbáyé kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù ò sì kúrò lójú kan. Ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti pósítọ́fíìsì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba míì kárí Nàìjíríà bá dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọjọ́. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú ìjà yẹn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ò le: kí wọ́n fi owó kún owó wọn nítorí ọ̀wọ́n gógó ọjà.

Hubert Ògúndé fi ìjà náà ṣe eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos ní ọdún 1946, ìjọba òyìnbó fòfin dè é. Ṣé ẹ rí i pé ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ebi àti owó oṣù ti ń tẹ̀ lé wa kiri.

Ta ló ń sanwó fún ta?

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń da ọ̀rọ̀ rú nìyí. Bí wọ́n bá ní "ìjọba", a máa ń rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Mẹ́ta ni, àpò kálukú sì yàtọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó fún òṣìṣẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀, tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì àti òṣìṣẹ́ jẹ́nẹ́rà. Owó tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wà lọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló máa ń gbà kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ìdí nìyí tí iyanṣẹ́lódì fi lè ti ilé ìwé ọmọ yín kan pa, kí ti èkejì sì máa lọ geere. Ẹ wo Abuja ní ọdún 2025. Láti oṣù kẹta títí wọ inú oṣù keje ni àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba fi dáṣẹ́ sílẹ̀, torí pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà níbẹ̀ ò tíì san owó oṣù tuntun ₦70,000 àti àwọn owó mìíràn tí wọ́n jẹ wọ́n. Oṣù bíi mẹ́ta ààbọ̀ gbáko! Àwọn òbí tí apá wọn ká a gbé ọmọ lọ sílé ìwé aládàáni. Àwọn tí apá wọn ò ká a, ọmọ wọn ń bá wọn lọ sọ́jà ni. Ẹni tó lọ ń bú ìjọba àpapọ̀ nígbà yẹn kàn ń da ariwo sáfẹ́fẹ́ ni, ọ̀dọ̀ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni pé: òṣìṣẹ́ ta ni wọ́n? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ fún yín ilé ìwé tó máa tì, ilé ìwòsàn tó máa ṣí, àti ẹni tí ẹgbẹ́ wa lè lọ bá sọ̀rọ̀.

Owó oṣù tó kéré jù lọ: kí ló dé tí ìjà rẹ̀ kì í tán?

Nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ láti ṣòfin lórí owó oṣù tó kéré jù lọ. Ní ọdún 2000, ₦5,500 ni. Ó di ₦18,000 ní 2011, ₦30,000 ní 2019, kó tó wá di ₦70,000 ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí i. Ẹ ṣírò àlàfo tó wà láàárín wọn: ọdún mọ́kànlá, ọdún mẹ́jọ, ọdún márùn-ún. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìrẹsì, gàrí àti owó ọkọ̀ ò dúró de ẹnì kankan. Bí owó bá dúró lójú kan tí ọjà ń lọ sókè, ìjà ló máa ń já sí.

₦70,000 náà ò sì wá wẹ́rẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC kọ́kọ́ ní ₦615,000 làwọn fẹ́, wọ́n sọ̀ ọ́ sí ₦494,000. Ìjọba ní ₦60,000 lòun lè san. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè. Iná lọ káàkiri Nàìjíríà torí pé àwọn òṣìṣẹ́ pa ibi tí wọ́n ti ń pín iná, pápákọ̀ òfuurufú sì tì. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè jókòó sọ̀rọ̀. Òfin tuntun náà tún sọ pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á máa tún owó náà yẹ̀ wò, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Ẹ fi ọdún 2027 sọ́kàn, torí àsìkò yẹn ni ọ̀rọ̀ tún máa yọjú.

Ìpínlẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti san iye tó kéré sí ₦70,000, ṣùgbọ́n ó lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kano kéde ₦71,000, Kaduna ₦72,000, Niger ₦80,000, Rivers àti Èkó ₦85,000. Ó lè yà yín lẹ́nu pé lẹ́yìn tí gómìnà ti kéde owó, iyanṣẹ́lódì ṣì máa ń wáyé. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni ọjọ́ tí sísan máa bẹ̀rẹ̀: gómìnà lè kéde rẹ̀ lónìí kó má san án fún oṣù mélòó kan. Èkejì ni owó àwọn tó wà lókè. Ká ní ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì ń gba ₦30,000 tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó káwèé gboyè sì ń gba ₦75,000. Bí owó agbálẹ̀ bá di ₦70,000 tí ti ẹnì kejì ò sún, ₦5,000 péré ló kù láàárín wọn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ á ní kí wọ́n fi kún ti gbogbo ìpele, ìjọba á ní owó ò sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìtajà, ẹ gbọ́ tiyín náà: òfin yìí ò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí òṣìṣẹ́ yín bá jẹ́ márùn-ún, òfin ò fi dandan mú yín lórí ₦70,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá mọyì òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró de òfin.

Kí ni òfin sọ nípa iyanṣẹ́lódì?

Iyanṣẹ́lódì kì í ṣe ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà. Òfin tó wà lórí aáwọ̀ ibi iṣẹ́ fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Bí ìyẹn ò bá yanjú, kí wọ́n wá alárinà. Bí kò bá tíì yanjú, ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, yóò sì lè gba iwájú ìgbìmọ̀ onílàjà dé ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ "gbèdéke ọjọ́ mẹ́rìnlá" àti "iyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀" kí èyí tó gbóná tó dé.

Òfin ọdún 2005 tún fi nǹkan kún un. Ó ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò kí wọ́n tó dáṣẹ́ sílẹ̀, kó sì jẹ́ pé ẹ̀tọ́ tó ti wà nínú àdéhùn ni wọ́n ń jà fún. Ó ní kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ìlú ò lè ṣe láìsí má dáṣẹ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa là ń rí i tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ń ṣe é. Ó sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ fipá mú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ láti dara pọ̀.

Apá kan nínú òfin tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ ni èyí: ẹni tí kò ṣiṣẹ́ nítorí iyanṣẹ́lódì, òfin ò sọ pé dandan ni kí wọ́n san owó àwọn ọjọ́ yẹn fún un. Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n tún lè yọ àwọn ọjọ́ náà kúrò nínú iye ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, ìyẹn ASUU, tọ́ ọ wò. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn ò padà títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ! Wọ́n di owó wọn mú. Ìgbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Ààrẹ tuntun tó ní kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ àti ìjọba bá ń fọwọ́ sí àdéhùn láti parí ìjà, ẹ máa wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò ní gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni, àti pé wọ́n á san owó ọjọ́ tí wọn ò fi ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá kọ ọ́, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè dì mú.

Ibi tó ti kàn wá gan-an

Títí débí, ọ̀rọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ Nàìjíríà là ń sọ. Ọ̀rọ̀ tiwa wá dé báyìí.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, pàápàá lókè Ọya, kọ́ńtíráàtì ni wọ́n máa ń fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ bí wọ́n bá gbà á síṣẹ́ ìjọba. Ó lè jẹ́ ọdún méjì, kí wọ́n máa tún un ṣe. Iṣẹ́ kan náà ni, kíláàsì kan náà ni, ọmọ kan náà ni ẹ jọ ń kọ́, ṣùgbọ́n kọ́ńtíráàtì ò ní owó ìfẹ̀yìntì bíi ti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ayé. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé tí wọn ò tún un ṣe, wọn ò lé yín o. Àsìkò yín ló kàn tán. Ẹ ò lè fi ìyẹn wé ẹni tí wọ́n gbà pátápátá, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n tó lè yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Abia ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Owó oṣù ₦18,000 ṣẹ̀ṣẹ̀ di òfin. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ẹrù òṣìṣẹ́ ti wúwo jù, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọmọ Abia máa padà lọ sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é, tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn níbẹ̀. Ìjà tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ jà ló mú owó náà wá, àwọn tí wọ́n pè ní àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ yọ kí owó náà lè tó àwọn tó kù.

Abala 42 ìwé òfin 1999 sọ pé a ò gbọdọ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ nítorí ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n abala kan náà tún fi àyè sílẹ̀ fún òfin tó bá pààlà sí yíyan èèyàn sípò iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá gbára lé abala yẹn nìkan láìní ìwé kankan lọ́wọ́, ẹjọ́ rẹ̀ máa pẹ́.

Kaduna náà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 2021. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, NLC bẹ̀rẹ̀ iyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún torí àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá dúró. Iná lọ, ọkọ̀ ojú irin dúró. Gómìnà ìgbà náà, Nasir El-Rufai, kéde pé àwọn ń wá ààrẹ NLC, Ayuba Wabba, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n lé àwọn nọ́ọ̀sì tí kò tó ìpele kẹrìnlá tó dara pọ̀ mọ́ iyanṣẹ́lódì. Lọ́jọ́ kẹta, ìjọba àpapọ̀ dá sí i, wọ́n sì dá iyanṣẹ́lódì náà dúró. Ohun tó yẹ ká fà yọ níbẹ̀ ni pé ìjà lè tán lókè lọ́jọ́ mẹ́ta, kí wàhálà tó wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ má tán bọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í bèèrè ìlú tí ẹnì kan ti wá kó tó gbà á wọlé. Ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ ló ń bèèrè.

Bí ẹ ò bá tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba, níbi tí erin méjì bá ti ń jà, koríko ló máa ń fara gbá a. Ìyá aláṣọ tó ń tajà láwìn nítòsí sẹkitéríàtì mọ̀ pé bí owó oṣù bá dúró, owó tòun náà dúró nìyẹn. Aláìsàn tó ń gba oògùn lóṣooṣù ní jẹ́nẹ́rà náà mọ̀ ọ́n lára.

Kí ló wá yẹ ká ṣe?

Èkíní, ẹ lọ wá ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Ṣé kọ́ńtíráàtì ló wà níbẹ̀ ni, àbí iṣẹ́ pátápátá? Bó bá jẹ́ kọ́ńtíráàtì, ọjọ́ wo ló máa pé? Ẹ kọ̀wé béèrè àtúnṣe rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín.

Èkejì, ẹ wo ìwé owó oṣù yín bóyá wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń yọ ọ́, ọmọ ẹgbẹ́ ni yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹgbẹ́ gbèjà yín. Abala 40 ìwé òfin fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ máa lọ sípàdé, kí wọ́n mọ ojú yín kí ọjọ́ ìjà tó dé. Ẹni tí wọn ò rí rí, wọn ò ní rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ń to orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà là.

Ẹ̀kẹta, ẹ má dá nìkan ṣe akin, ẹ má sì dá nìkan yẹra. Ohun tí gbogbo ẹ̀ka yín bá ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹni tó dá dúró ló rọrùn láti mú.

Ẹ̀kẹrin, ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níbi tẹ́ ẹ wà ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ìjà ẹ̀yà. Owó oṣù là ń sọ. Onílé àti àlejò jọ ń ra ìrẹsì lọ́jà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè kọ orúkọ àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kó mọ ẹni tó wà lórí kọ́ńtíráàtì, kó sì wá lọ́yà kan sílẹ̀ tó mọ òfin òṣìṣẹ́.

Màmá tíṣà tá a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Akọ̀wé ò sọ pé kó lọ, kò sì sọ pé kó má lọ. Ó ní kó kọ́kọ́ wá ìwé méjì: ìwé owó oṣù rẹ̀ àti ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ìwé owó oṣù fi hàn pé wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ó lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, ó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, ó sì jókòó sílé bíi tiwọn. Iyanṣẹ́lódì parí, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwé kejì ló já a láyà. Kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ti parí láti ọdún méjì sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, owó kàn ń wọlé lóṣooṣù ni. Ọdún méjì gbáko ló ti ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Ìwé yẹn ló ń lé kiri báyìí.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ará wa, kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí àpótí, kẹ́ ẹ lọ wo ìwé tiyín.